Àpótí Aṣọ Màmá Ẹ̀pẹ́

Bí ẹ bá dé Awoyaya, tí ẹ ń béèrè Rẹ̀míláyọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, wọ́n lè ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kàn sọ pé "Màmá Ayé Àtijọ́" tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ta ilẹ̀, kíá ni wọ́n á júwe ibẹ̀ fún yín. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ń pè ní màmá o! Aṣọ ló fa orúkọ. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún, òlékù ni Rẹ̀míláyọ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́: ìró kúkurú tó mọ lórúnkún, bùbá tó fún lápá, irun olówùú lórí, bàtà gogoro lẹ́sẹ̀, jígí dúdú ràbàtà lójú. Bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ẹ ó rò pé inú fọ́tò ọdún 1973 ló ti jáde.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ká má parọ́, kò sẹ́ni tó ń wo Rẹ̀míláyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà kan. Òkírìkà tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ní ọjà Ṣàngótẹ̀dó ló ń wọ̀. Bó bá tóbi, ó tóbi náà nìyẹn. Ìgbà tí ìyá tó bí ìyá rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Ẹ̀pẹ́, papò dà lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàdọ́rùn-ún, ẹbí jókòó pín ogún. Ẹni tó mú ilẹ̀ mú ilẹ̀, ẹni tó mú ẹ̀rọ ìránṣọ mú un. Wọ́n wá ní kí Rẹ̀míláyọ̀ máa gbé àpótí irin kan lọ, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ó gbé e dé yàrá rẹ̀, ó ṣí i, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo ilé. Aṣọ mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀: òlékù léèsì oníhò aláwọ̀ ọsàn, kàmpálà, dàmáàsìkì, gèlè tó le bíi páálí. Fọ́tò kan wà lókè wọn. Màmá Ẹ̀pẹ́ ni, nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà. Wọ́n fara ti mọ́tò ìjàpá, wọ́n fọwọ́ lé bàdí, wọ́n ń wo kámẹ́rà bí ẹni tó ń wo ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Rẹ̀míláyọ̀ ní ní tòun o, àkísà àgbà gan-an lòun fẹ́. Ó gbé òlékù aláwọ̀ ọsàn yẹn wọ̀, ó bá a mu wẹ́kú, àfi bíi pé òun ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán an. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín, ló bá tún bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá fọ́tò àwọn ìyá àtijọ́ kiri, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń wé gèlè, bí wọ́n ṣe ń dúró. Kì í kàn sín wọn jẹ. Èyí tó bá bá a lára mu ló ń mú. Àwọn tó wá ra ilẹ̀ a máa bá a ya fọ́tò. Ọ̀gá rẹ̀ tí kì í yinni, òun náà a ní, "Rẹ̀mí, o tún ti gbé e dé o!" Aṣọ là á kí ká tó kí ènìyàn, ayé wá ń kí Rẹ̀míláyọ̀. Ó ń gbórí sókè rìn.

Ẹni tí a rò pé inú rẹ̀ dùn sí i jù ni Olúwafúnminíyì. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà ní Ṣàngótẹ̀dó ni wọ́n jọ ń lọ, ẹgbẹ́ akọrin kan náà, ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Wọ́n jọ ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Fúnminíyì a máa ríran. Bí ẹ̀mí bá gbé e, á máa gbọ̀n, ohùn rẹ̀ á yí padà, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn á sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ló ti ríran sí Rẹ̀míláyọ̀ tó sì ṣẹ. Òun náà ló máa ń wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tí á máa tú aṣọ inú àpótí yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Rẹ̀mí, èyí mà dáa o! Ta ló kọ́ Màmá yìí ní oge?" Rẹ̀míláyọ̀ á sì máa sọ ìtàn aṣọ kọ̀ọ̀kan fún un. Kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Lóṣù kẹfà èṣí, ibà mú Rẹ̀míláyọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó lo oògùn títí, ó lọ, ó tún dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Fúnminíyì wá kí i. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tán ni ẹ̀mí bá gbé e. Ó gbọ̀n, ó gbọ̀n.

"Báyìí ni Olúwa wí! Ìwọ ọmọbìnrin yìí, aṣọ òkú ni ò ń wọ̀! Ẹni tó ni ín ń pè é padà! Sun ún létí òkun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibà kẹrin ò ní gbóògùn!"

Rẹ̀míláyọ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ara rẹ̀ ń gbóná, ẹ̀rù ń bà á.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú ìjọ yẹn, ẹ mọ̀ pé ìran kì í lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìran ni, wòlíì àgbà á sì gbé e yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohunkóhun. Rẹ̀míláyọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú Fúnminíyì wálẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú. "Ọ̀rẹ́ mi, má jẹ́ kí èyí wọ ìwé o. Wọ́n á máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ò ń bá òkú pín aṣọ. Èmi fúnra mi á bá ẹ gbé e lọ sétí òkun. Ìwọ ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé mi, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò gbọdọ̀ fojú kàn án mọ́." Ìtìjú mú Rẹ̀míláyọ̀, ó gbà. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ó bá a gbé àpótí sínú kẹ̀kẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́!

Ibà lọ. Nọ́ọ̀sì ló gún un lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ti nọ́ọ̀sì? Rẹ̀míláyọ̀ padà sí òkírìkà. Ọ̀gá rẹ̀ ò ní "o tún ti gbé e dé" mọ́. Àwọn ọlọ́kadà ní, "Màmá Ayé Àtijọ́, ṣé kò sí?" Á kàn wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Ó ń ṣe é bíi pé òun fọwọ́ ara òun sin Màmá Ẹ̀pẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Lóṣù kẹta ọdún yìí, obìnrin kan wá wo ilẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ gbójú sókè láti kí i, ẹnu rẹ̀ ò lè pa dé. Òlékù aláwọ̀ ọsàn ló wà lọ́rùn obìnrin náà. Ó kọ́kọ́ ní kò lè jẹ́ òun, léèsì a máa jọra. Àfi bí obìnrin náà ṣe nawọ́ gba omi tí wọ́n gbé fún un, ló bá rí abẹ́ abíyá. Àbẹ́là ti jó ibẹ̀ rí, Rẹ̀míláyọ̀ sì fọwọ́ rán an. Kò rí òwú ọsàn lọ́jọ́ náà, òwú aláwọ̀ ewé ló lò. Òwú ewé náà ló ń wò yìí.

"Àǹtí, aṣọ yín mà rẹwà o. Níbo lẹ ti rí i?"

"Ṣọ́ọ̀bù kan ní Jákàǹdè ni," obìnrin náà dáhùn tayọ̀tayọ̀. "Aṣọ ayé àtijọ́ nìkan ló ń tà. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní ti ìyá àgbà òun ni. Kódà, fọ́tò màmá náà wà lára ògiri, wọ́n fara ti mọ́tò ìjàpá. Màmá yẹn lóge o!"

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sí Jákàǹdè. Ṣọ́ọ̀bù náà kéré, ó mọ́ tónítóní. Fúnminíyì kẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá àwọn ọmọge méjì sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ sí fọ́tò ara ògiri. "Ìyá àgbà mi nìyẹn. Tíṣà ni wọ́n. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé téèyàn bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, aṣọ á gbọ́ràn sí i lẹ́nu." Ọ̀rọ̀ tí Rẹ̀míláyọ̀ sọ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, kò yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀.

"Fúnmi."

Fúnminíyì yíjú padà. Àwọn ọmọge náà wo ojú àwọn méjèèjì, wọ́n rọra jáde.

"Rẹ̀mí... jókòó, jẹ́ n ṣàlàyé."

"Ìyá ta ni wọ́n?"

Fúnminíyì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó wà níwájú rẹ̀.

"Mo ní ìyá ta ni wọ́n, Fúnminíyì?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun nígbà yẹn, òun ò mọ ibi tóun á yà sí. Aṣọ yẹn kàn ń gbó lọ nínú àpótí ni. Ẹnì kan ló ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, gbogbo Lẹ́kí ló ń wọ̀ ọ́ báyìí. "Àti pé ká sọ tòótọ́, Rẹ̀mí, ká ní mo tọrọ ẹ̀, ṣé wàá fún mi ni?"

Rẹ̀míláyọ̀ ní, "Ǹ bá fún ẹ. Mi ò ní fún ẹ tán, ṣùgbọ́n ǹ bá pín in fún ẹ. Ǹ bá tún wá bá ẹ gbá ṣọ́ọ̀bù yìí."

Rẹ̀míláyọ̀ nawọ́ yọ fọ́tò kúrò lára ògiri. Ó ní, "Mo ń lọ sọ́dọ̀ Wòlíì."

Ìgbà yẹn lojú Fúnminíyì pa dé. Ó gbọ̀n. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Báyìí ni Olúwa wí! Ìwọ ọmọbìnrin yìí, dárí jini! Pa ẹnu rẹ mọ́, kí ibi má bàa bá ọ!"

Ẹ gbà mí! Eékún Rẹ̀míláyọ̀ ti kan ilẹ̀ kó tó mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe eré. Ohùn yẹn dún, ara rẹ̀ sì jẹ́ ẹ. Láti orí ìkúnlẹ̀ ló ti gbójú sókè, tó sì rí Fúnminíyì tó la ojú kan, tó ń yọ́ ọ wò bóyá ó ti kúnlẹ̀.

Ó dìde. Kò bú u, kò nà án. Ó gbá fọ́tò mọ́ àyà, ó jáde, ẹkún ló sì sun dé Ajah, kò bìkítà ẹni tó ń wo òun nínú ọkọ̀.

Wòlíì Ògúnkúnlé, àgbà ìjọ wọn, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, inú bí wọn gidigidi. Wọ́n gba àmùrè tí àwọn aríran máa ń dì mọ́dìí lọ́wọ́ Fúnminíyì, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ríran mọ́. Aṣọ mẹ́ta péré ló kù láìtà, wọ́n gbé e padà wá fún Rẹ̀míláyọ̀. Gbogbo ìjọ ní ó tó bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ tán.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ẹ̀mí gbé ìyá àgbà kan nínú ìjọ, ìyá tí kò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó kígbe, "Rẹ̀míláyọ̀! Olúwa ní òun rí omijé rẹ!" Gbogbo ojú yí sí i, wọ́n ń dúró dè é kó kúnlẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ dúró síbẹ̀ gbọnrangandan nínú aṣọ funfun rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń bínú sí Ọlọ́run. Kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́ ni.