Àdúrà fún Ísírẹ́lì àti Ẹ̀gẹ́ Tí A Ti Wú

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe àáró ẹ̀gẹ́ nínú agbo ilé wa ní Kétu: èmi, àbúrò mi obìnrin tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa, tó jẹ́ Mùsùlùmí. Bí ẹ̀gẹ́ ẹnì kan bá ti oko dé, gbogbo wa á bó o, a ó rin ín fún gàrí. Lẹ́yìn náà, ó kan ẹlòmíràn. Ẹni tí kò ní lè wá gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó wú ẹ̀gẹ́, nítorí ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í dúró de èèyàn.

Lọ́jọ́ tó kàn mí, rédíò ń sọ̀rọ̀ Gásà. Ìyàwó wa ní wọ́n ṣì ń hú àwọn ọmọdé jáde lábẹ́ ilé tó wó.

"Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?" àbúrò mi bi í. "Àwọn ará Ísírẹ́lì tí wọ́n ká mọ́lé láàárọ̀, tí wọ́n pa, tí wọ́n kó lọ, ṣé àwọn yẹn ò lọ́mọ ni?"

"Mi ò sọ pé wọn ò lọ́mọ, ọkọ mi." Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, nítorí a ti bí àbúrò mi kí wọ́n tó gbé e wọlé. "Ṣùgbọ́n ẹ ti sunkún tiwọn. Tèmi ni ẹ ò tíì sun."

"Tìẹ báwo? Ìgbà wo lo di ará Gásà? Ọ̀nà Kpankou ni wọ́n ti gbé ẹ wá."

"Ẹ̀yin náà, ìgbà wo lẹ di ará Ísírẹ́lì? Ṣé àwọn náà máa ń yan gàrí?"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìyàwó wa kò pẹ́. "Mo gbọ́ àdúrà yín lọ́jọ́ Àìkú bí mo ṣe ń kọjá. Ẹ ní kí gbogbo ọ̀tá Ísírẹ́lì ṣubú. Ṣé mo wà nínú wọn?"

"Bó o bá ń gbè lẹ́yìn wọn, o wà níbẹ̀."

Àwọn méjèèjì wò mí. Lójú tèmi, ẹni tó fa arúgbó jáde nílé rẹ̀ tó mú un nígbèkùn ṣe ibi. Ẹni tó wó ilé lu ọmọdé ṣe ibi. Ọ̀kan kò pa ìkejì rẹ́. N kò sọ ọ́, nítorí ìdajì tó bá wu kálukú ni ì bá gbọ́.

Nígbà tó kan ìyàwó wa, wọ́n ti wú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ láti àná, àbúrò mi kò yọjú, kò sì ránṣẹ́. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mo lọ bá a nínú yàrá rẹ̀.

"Bí mo bá lọ," ó ní, "á dà bíi pé mo gbà pé òun ló jàre."

"Ẹ̀gẹ́ la fẹ́ bó. Kò sẹ́ni tó ní kó o dájọ́. Ohun tó o gbà nípa Ísírẹ́lì, máa gbà á lọ. Ṣùgbọ́n bó ò bá ní í wá, ó yẹ kó o ti sọ kí wọ́n tó wú u."

Ó pẹ́ kó tó mú ọ̀bẹ rẹ̀ wá. Àwọn ẹ̀gẹ́ kan ti ń dú nínú. Ìyàwó wa ti kó wọn sọ́tọ̀, òkìtì náà kò sì kéré.

"Ọkọ mi, ẹ mú ti ọwọ́ òsì yín. Ìyẹn ṣì dára."

Ó mú un. Ó bó díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. "O ò sí nínú àwọn ọ̀tá yẹn."

"Àwọn ọmọ Gásà ńkọ́?"

Ọ̀bẹ àbúrò mi dúró lára ẹ̀gẹ́. Ìyàwó wa kò tún béèrè. A bó o títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, a gbé èyí tó dára lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ín, a sì da ìyókù fún ewúrẹ́.