Pápá Tí Mo Fi Ẹnu Ẹlòmíràn Pín

Ìwé kẹta ni mo kà dé kí bàbá mi tó mú mi kúrò nílé ẹ̀kọ́, tí ó fa agbo àgùntàn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lápá Òkè-Ògùn. Nítorí náà, n kò ní ìwé-ẹ̀rí kankan tí mo lè fi hàn. Koríko nìkan ni mo mọ̀: èyí tí ẹran ń fẹ́, èyí tí ó ń ṣá tì, àti bí ilẹ̀ ṣe yẹ kó sinmi tó kí ewé tó tún rú.

Glyndon Estate, nílùú òyìnbó, ni mo ń gbé báyìí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Woolwich, ṣùgbọ́n láàárọ̀ Àbámẹ́ta, mo máa ń gun òkè lọ sí oko ẹran kan lẹ́yìn Plumstead, níbi tí àwa kan ti ń ṣiṣẹ́ láìgbowó. Ohun tí mo bá níbẹ̀ dùn mí. Pápá ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n da àgùntàn sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru dé òpin rẹ̀. Ẹran ti jẹ koríko dídùn dé gbòǹgbò, wọ́n sì fi èsìsì àti ẹ̀gún sílẹ̀ kó máa gbilẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ wọn pápá náà. Mo rò ó pé kí á fi okùn oníná pín in sí mẹ́rin, kí ẹran máa gbé inú ọ̀kan fún ọjọ́ díẹ̀, kí á sì kó wọn jáde kí ewé tó kúrú ju ìka ọwọ́ lọ.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí. Nílé wa, ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ pàtàkì níwájú àwọn ènìyàn kì í sábà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. A máa wá ẹni tí yóò bá a gbé e kalẹ̀. Mo bẹ arákùnrin kan tí a jọ ń wọ aṣọ funfun ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Thamesmead. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, òun náà ń wá sí oko, èdè òyìnbó sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dìde ní mítìn oko, ó ṣàlàyé ètò mi láti orí dé ìdí. Kò dárúkọ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di alábòójútó pápá. Wọ́n fún un ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé àti kọ́kọ́rọ́ gbogbo géètì. Ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sì gbàdúrà pé kí Olúwa gbé e ga sí i. Èmi ni mo ṣe Àmín kẹ́yìn. Mo tún pàdé rẹ̀ ní Tavy Bridge, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì náà wá ra búrẹ́dì.

"Ẹ káàárọ̀, Daddy," ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Alábòójútó," ni mo wí, "ṣé àgùntàn ló rán ọ ní búrẹ́dì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún un rí. Ewé oníka mẹ́ta kan ti hù ní ìpín kẹrin pápá, tí àwọn òyìnbó ń pè ní kílófà. Bí ẹ̀wà wa nílé ló rí: bí ẹran tí ebi ń pa bá jẹ ewé rẹ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lórí rẹ̀, ikùn á wú, ẹran á kú. Koríko gbígbẹ ni à á kọ́kọ́ fún un. Arákùnrin náà kò béèrè, n kò sì sọ ọ́.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta kan, mo dé géètì, mo rí i pé ó ti da gbogbo agbo sínú kílófà, ìrì ṣì ń dán lórí rẹ̀. Mo dúró. Ọkàn mi ní kí wọ́n máa jẹ, kí ayé lè rí ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Mo dúró títí ẹ̀gbẹ́ òsì abo àgùntàn kan fi wú, tí ó dẹ́kun ìjẹun. Ìgbà náà ni mo wọlé. Mo lé agbo jáde, mo gbé ẹsẹ̀ iwájú abo náà sórí òkìtì, mo sì ń ra ikùn rẹ̀ títí ó fi gùnfẹ̀.

Máníjà oko náà, obìnrin òyìnbó kan, sáré dé, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fi ìwọ̀nba òyìnbó tí mo gbọ́ sọ fún un pé èmi ni mo ni ètò pápá yìí. Ó wo arákùnrin náà tí ó dúró ní ìdí okùn, òun sì yíjú sí mi.

"Daddy, ẹ̀yin lẹ ní kí n bá yín sọ ọ́."

"Ṣé mo ní kí o sọ ọ́ di tìrẹ ni?"

Ó sọ fún obìnrin náà pé òótọ́ ni mo wí. Obìnrin náà ní láti ọjọ́ náà lọ, èmi ni kí n máa bójú tó pápá. Ẹ̀tọ́ mi dé ọwọ́ mi.

Bí ó ti ń bọ́ jákẹ́ẹ̀tì fún mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Mo rí yín ní géètì, Daddy. Ó pẹ́ tí ẹ ti wà níbẹ̀. Mo rò pé ẹ̀ ń wò ó bóyá mo ṣe é dáadáa ni."

Kò sọ ọ́ fún máníjà nígbà náà, kò sì tíì sọ ọ́ títí di òní. Èmi ni mo ń ṣí géètì báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá rí i níbi tó ti ń gé èsìsì láìjanpata, bí ẹni tí kò ní ohunkóhun lọ́kàn, ìlara rẹ̀ ṣì ń jẹ mí ju ti ìgbà tí jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn rẹ̀ lọ.