Ejò Tó Gba Ṣóogíláàsì Mi

Ọkọ mi lè gbàgbé ọjọ́ ìbí mi (ó sì ti gbàgbé rẹ̀ rí), ṣùgbọ́n kò gbàgbé ọjọ́ tí ejò rẹ̀ máa jẹun rí. Bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó ti gbé ike ńlá kan sílẹ̀ láàárín pálọ̀, á wá máa pè mí: "Ìyàwó mi, wá wòran." Èmi á sì dá a lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé pé ìran tí mo wò kẹ́yìn ṣì wà lójú mi.

Èmùré ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí èmi sí, ara Ìsẹ̀ ni ọkọ mi, iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé wa dé Èmùré. Bàọ́lọ́jì ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ gírámà. Èmi ń din bọ́nsì àti pọ́fùpọ́fù níwájú ilé tí a háyà. A ti kúrò níbẹ̀ báyìí, a ti ní òrùlé tiwa ní Ìkẹ́rẹ́, ilé tó tóbi ju tìgbà náà lọ dáadáa. Síbẹ̀, àárò yàrá kan àti pálọ̀ yẹn máa ń sọ mí, pàápàá bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ nígbà tí epo bá wà lórí iná. Àárò ìyá ọkọ mi tó ti lọ sinmi ló ń sọ mí jù.

Inú oko ilé-ẹ̀kọ́ ni ejò náà ti wá. Àwọn ọmọ ń kọ ebè, ọkọ́ ẹnì kan sì ṣí i jáde lábẹ́ ewé gbígbẹ. Mọ̀nàmọ́ná ni, ejò tí kò lóró, kò sì ju apá mi lọ ní gígùn. Ojo gbáà ni. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Á ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká tí a fi ń ru igi, á sì fi orí pamọ́ sáàárín. Àwọn ọmọ ti gbé igi sókè. Ọkọ mi ní kí wọ́n dúró, ó fi fìlà bò ó, ó sì gun ọ̀kadà wálé, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọlọ́kadà ò mọ ohun tó gbé. Èmi ni mo kọ́kọ́ figbe ta.

Nígbà náà, mo ní ṣóogíláàsì kan tí mo ń to bọ́nsì sí. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kan ti fọ́, mo sì ti ń retí kápẹ́ńtà kó wá pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ti ọjà dé, mo rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Inú mi dùn. Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí yanrìn nílẹ̀ rẹ̀, abọ́ omi kan, àpáàdì ńlá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, àti ejò lábẹ́ àpáàdì. Ọkọ mi ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà mọ bí ìgbà díẹ̀ àwọn ọkùnrin ṣe máa ń gùn tó. Bọ́nsì mi bọ́ sínú báàfù onírọ́bà, mo fi náílọ́ọ̀nù bò ó. Àwọn oníbàárà á yọ ọrùn wo inú pálọ̀, wọ́n á ní, "Ìyàwó Tísà, ṣé kì í ṣe inú ibẹ̀ yẹn lẹ ti mú èyí?"

Ká sọ òtítọ́, ó mọ ejò bọ́. Ó ń sin eku funfun nínú páálí lẹ́yìn ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kì í fún ejò ní eku láàyè; ó ní eku tí ikú bá dé bá lè fi eyín gé ejò lójú. Á kọ́kọ́ pa á, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mú ara rẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn náà, á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ ejò lórí pẹ́lẹ́, kí ejò lè mọ̀ pé ọwọ́ tó ń bọ̀ yìí kì í ṣe oúnjẹ. Á gbé e kúrò nínú ṣóogíláàsì sínú ike, nítorí bó bá ń bọ́ ọ nínú gíláàsì, ìgbàkígbà tí ìdérí bá ṣí ni ejò á máa rò pé oúnjẹ dé. Inú ike yẹn ni á ti fi ẹ̀mú gígùn di eku mú nírù, á máa mì í díẹ̀díẹ̀. Wàì! Ejò á ti gbé e, á ti wé mọ́ ọn. Ọkọ mi á wá jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ níbòmíràn.

"Ọwọ́ kì í ṣe ṣíbí," ó máa ń wí fún mi, bí ẹni pé mo ti na ọwọ́ rí. Ó ní ojú ejò yìí kò ríran dáadáa, òórùn àti ooru ló fi ń mọ nǹkan. Bí ọwọ́ ẹni bá ń rùn bí eku, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ni kí ejò rò? Ó ní bó bá buni jẹ, àṣìṣe ni, kì í ṣe ìkà. Ó ní kéèyàn má sì fa ọwọ́ yọ, torí eyín rẹ̀ tẹ̀ sínú bí ìwọ̀ ẹja. Omi tútù ni kéèyàn dà sí i lẹ́nu, á tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé kó tọ́jú ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí kò sí ohun tó máa gbé ọwọ́ mi débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má le ká ní a ti bímọ. Ṣùgbọ́n a ti ń wojú Olúwa fún ìgbà díẹ̀, ẹnu ayé sì ń yún. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ àdúrà sọ ọ́ sí mi lójú pé ejò tó ká jọ nínú pálọ̀ mi, inú ilé ọmọ mi ló ká jọ sí. Mo rẹ́rìn-ín níwájú wọn. Nígbà tí mo délé, mo sunkún. Bàbá onílé náà kò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn ọkọ mi, torí náà wọ́n fún un ní gbèdéke. "Tísà," ni wọ́n fi ohùn Èmùré wí, "ìwọ ni mo gbé ulé fún, mi ò gbé e fún ejò. Ọmọ tí ejò bá bí, gígùn ni í gùn. Ọjọ́ tó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ọjọ́ náà ni ejò náà ó kúrò ní ulé mi." Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó gbà. Láti ọjọ́ náà ni èmi ti ń retí pé kí ejò ṣẹ̀. Mo fẹ́ gba ṣóogíláàsì mi, mo sì fẹ́ sinmi lọ́wọ́ ẹnu ayé.

Ọjọ́ Fúráídé kan ni Màmá ọkọ mi dé láti oko wọn lọ́nà Ìsẹ̀. Wọ́n ru iṣu, wọ́n sì gbé òkété gbígbẹ tí wọ́n fi ewé wé dání. Mo mọ ohun tó gbé wọn wá. Ìròyìn ti dé etí wọn pé ejò ni ọmọ wọn fi rọ́pò ọmọ, àwọn ará ilé sì ti rán wọn pé kí wọ́n wá lé e jáde. Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán nígbà tí ọkọ mi fà wọ́n lọ́wọ́ lọ síbi gíláàsì. Ejò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ ni, awọ náà sì bọ́ lódindi láti ẹnu dé ìrù bí ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọge. Ọkọ mi tẹ́ ẹ sórí apá méjèèjì, ó ń fi han ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Màmá wò ó títí. Ojú ọmọ wọn ni wọ́n ń wò, wọn ò wo awọ.

"Kí ni ó jẹ?" ni wọ́n bi í.

"Kò tíì jẹun, Màmá. Bó bá ń bọ́ awọ, a kì í fún un lóúnjẹ. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì. Sátidé ọ̀la pàápàá, mi ò ní fún un; awọ tuntun náà gbọ́dọ̀ le ná."

"Ẹ mú un wá sí ulé, ẹ sì fi ebi pa á?" Wọ́n mi orí. Gbogbo àlàyé bàọ́lọ́jì tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kò wọ Màmá létí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, èmi ń po ìyẹ̀fun lẹ́yìnkùlé. Màmá ń ya òkété sínú ọbẹ̀ tí a fẹ́ fi jẹ iyán. Àwọn àgbà Ìsẹ̀ tí mo mọ̀, wọn kì í fi nǹkan sẹ́nu lójú ẹni tí wọn ò fún. Bí o bá bá wọn nídìí oúnjẹ, ó di dandan kí o bù ú, bí kò tilẹ̀ ju òkèlè kan lọ. Wọ́n sì gbà pé ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fún ènìyàn ní nǹkan; fífi igi nawọ́ oúnjẹ síni, bí ẹni ń bọ́ adẹ́tẹ̀ ni. Bí Màmá ṣe dìde nídìí ọbẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú itan òkété kan. Mo gbọ́ ohùn wọn láti pálọ̀: "Gbà, jẹun. Má bínú, wọn ò mọ̀ pé ebi ń pa ọ́ ni."

Mo sáré. Ìdérí ti ṣí, ọwọ́ ọ̀tún Màmá ti wà nínú gíláàsì, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń rùn bí òkété láti àtẹ́lẹwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Mo pariwo, "Màmá, ẹ fà á!" Ó ti bọ́. Ejò kò wo ẹran náà lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ ló gbé. Ó wé mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́, ó di ẹnu pa. Màmá fẹ́ fà á yọ. Mi ò mọ̀gbà tí mo ké pé, "Ẹ má fà á mọ́! Eyín rẹ̀ tẹ̀ sínú!" Ẹ̀kọ́ tí mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ ló ń jáde lẹ́nu mi yìí. Mo bu omi àmù, mo dà á sí ejò lẹ́nu, mo tún dà á. Ó tú wọn sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé e padà sínú yanrìn, èmi tí mo ti ní ọwọ́ mi ò ní débẹ̀ láé. Ara rẹ̀ gbẹ, ó sì rọ̀, kò yọ̀ bí mo ṣe rò.

Ẹ̀jẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti ojú eyín tín-ín-tín. Mo ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún wọn, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. "Ó ti tán nìyẹn, Màmá. Ó ti buni jẹ. Bàbá onílé á ní ká lé e."

Màmá ya etí gèlè wọn, wọ́n fi di ọwọ́. "Dákẹ́, ìyàwó mi. Kí n lé e ni mo bá wá. Àmọ́ mo gbọ́ tí ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ̀, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Mo rò pé ó bá bàbá rẹ̀ lọ ni. Ẹni tó bá lé ejò yí, ẹ̀rín yẹn ni ó lé jáde nínú ulé yí."

A kò tíì parí ọ̀rọ̀ nígbà tí bàbá onílé wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti gbọ́ igbe. Wọ́n wo gíláàsì tó ṣí sílẹ̀, wọ́n wo omi nílẹ̀, wọ́n wo ọwọ́ tí Màmá fi gèlè dì. Wọn ò bi Màmá ní ohunkóhun. Èmi ni wọ́n bi: "Ìyàwó Tísà, kí ló ṣe wọ́n lọ́wọ́?"

Ọjọ́ tí mo ti ń retí ló dé yìí. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu mi, ejò á lọ, ṣóogíláàsì á padà di tèmi, ẹgbẹ́ àdúrà á dákẹ́. Mo wo Màmá. Wọn ò ṣẹ́jú sí mi, wọn ò bẹ̀ mí.

"Urin ni, Bàbá," ni mo wí, pé irin ló gé wọn. "Etí gíláàsì yẹn ló ní urin tó yọ jáde."

Bàbá wo ejò, wọ́n wò mí. "Urin yín mà mú o," ni wọ́n wí. "Ẹ mú wọn lọ gba abẹ́rẹ́." Wọ́n sì padà síbi ìjókòó wọn lábẹ́ máńgòrò. Mo mú ìdérí, mo fi dé gíláàsì náà.

Nínú pálọ̀ yẹn náà ni mo ti lóyún ọmọbìnrin wa, tòun ti ejò nínú gíláàsì. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ àdúrà wá síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n jẹ bọ́nsì mi, kò sẹ́ni tó dárúkọ ejò. Mo tún rẹ́rìn-ín níwájú wọn lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mọ́ mi nínú.

Nígbà tí ọkọ mi dé láti ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀hún, ó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Màmá ní irin ni. Èmi náà ní irin ni. Kò bá wa jiyàn. Ó bu omi sínú abọ́, ó kúnlẹ̀, ó tú gèlè náà, ó sì rí ojú eyín kéékèèké tó tò yíká bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n jù ú lọ ní Èmùré. Ó wẹ ọwọ́ náà títí, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, mo sì rí i tí omi ojú ń kán sínú abọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣé."

Màmá fa ọwọ́ wọn yọ. "Ṣé nítorí urin lo ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?" ni wọ́n wí. "Dìde, lọ fún un lóúnjẹ. Ebi ń pa á."