Ẹni Méjì Lórí Àga Kan

Nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹ̀yin ọmọ mi, fótò ni mo ń yà fún ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní Kútọnu. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi yá, ẹsẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ń fẹ́ jù: kí n yà á, kí n sáré lọ fọ̀ ọ́ nínú yàrá òkùnkùn tó wà lẹ́yìn ilé mi, kí n sì fi lé awakọ̀ tasí lọ́wọ́ kí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó gbéra. Ìwé ìròyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé olórí àwọn awakọ̀ ní ìdíkọ̀ Ouando fi wá sílẹ̀. Ìbejì ni, ẹ ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ìbejì kú. Níbí, a máa ń ní ó lọ ṣẹ́ igi nínú igbó ni. Ọ̀gá mi fẹ́ fótò rẹ̀ fún ọjọ́ kejì. Ó ní bí kò bá dé lásìkò, kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Mo dé ilé wọn ní àdúgbò Dowa, wọn kò ní fótò kankan. Ọkùnrin náà kò fẹ́ràn ẹ̀rọ láti èwe rẹ̀. Èyí kan ṣoṣo tó wà lára ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, ikán ti jẹ ojú kúrò níbẹ̀, ó ku etí méjèèjì. 

Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, ìkejì rẹ̀ yóò jókòó fún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bí a ti ń ṣe é nìyẹn: bí ọ̀kan nínú ìbejì kò bá sí, èyí tó kù ni a ń yà dípò rẹ̀. Bàbá tó jẹ́ ìkejì náà jáde, ó jókòó sórí àga àbúrò rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ ya òun gẹ́gẹ́ bí òun, nítorí ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan nínú wọn, dandan ni kí a ṣe fún èkejì. Fìlà pupa ni tirẹ̀. Mo yà á. Ó wá ṣí i, ó dé fìlà aláwọ̀ ewé tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀.

Mi ò mọ bí n ó ti sọ ọ́. Ọkùnrin kan náà ni, àga kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ojú sí ẹ̀rọ, ẹni tó ń wò mí kì í ṣe ẹni tí mo kí nígbà tí mo wọlé. Àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lágbàlá fi eré wọn sílẹ̀. Ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo iṣu dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó wù mí kí n tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kò ní ọ̀gá ní Kútọnu.

Bí mo ti ń palẹ̀ mọ́, bàbá náà dì mí lọ́wọ́ mú.

“Ti aláwọ̀ ewé ni kí o fi ránṣẹ́. Má fi tèmi ránṣẹ́ o, ọmọ mi. Ikú kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ń wo fótò.”

Mo sáré délé. Kí fíìmù lè tètè gbẹ, mo gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ ilá, mo tẹ méjèèjì sórí pépà, mo rì wọ́n sínú omi oògùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú méjì rọra yọ lábẹ́ iná pupa. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi pin sí. Dúdú àti funfun ni fíìmù wa nígbà náà, pupa àti àwọ̀ ewé sì jọ di eérú kan náà; bí mo sì ti gé e, mi ò mọ èyí tó ṣáájú mọ́. Mo yí wọn síbí, mo yí wọn sọ́hùn-ún. Ó dà bíi pé àwọn náà ń retí ẹni tí n ó mú.

Ǹ bá kàn mú ọ̀kan, ọkọ̀ ti fẹ́ lọ. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n ṣe é, ẹ má pè é ní ìwà rere. Mo ro bí bàbá náà yóò ti jáde láàárọ̀ bí mo bá ṣèèṣì mú tirẹ̀, tí gbogbo ọjà yóò máa sá fún un bí ẹni tó jí dìde.

Mo gbá fótò méjèèjì mọ́ àyà, omi wọn ń kán sí mi lára, mo padà sí Dowa. Bàbá wò wọ́n títí. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tí í ṣe òun. Ó wá ní kí wọ́n pe ìyàwó àbúrò rẹ̀ jáde láti inú yàrá opó. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún obìnrin náà pé a ya fótò kankan. Ó wo èkíní, ó dá a padà. Ó wo èkejì, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, bàbá ilé mi.” Pépà ló ń kí. Ó wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ tutù: “Ìgbà wo ló jókòó fún ẹ?”

 Bàbá mú èyí tó kù, ó tì í bọ àpò, ó ní kí n máa lọ kí ọkọ̀ má baà lọ. Mo sáré dé ìdíkọ̀ kí n tó rí i pé ẹsẹ̀ kan ló wọ bàtà. Fótò náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá náà sì jáde lọ sọ́jà, àwọn èèyàn ń bá a kẹ́dùn.

Ó pẹ́ láyé dáadáa lẹ́yìn náà. Nígbà tí òun náà wá lọ, ayé fóònù ti dé. Fótò rẹ̀ ti yí ìlú po kí wọ́n tó pa ojú rẹ̀ dé. Mi ò bínú sí i. Eékún mi ti dógùn-ún, sáré-sáré kò sí fún mi mọ́. Ohun tó kàn ń bà mí lẹ́rù, bí mo bá dá jókòó, ni pé fótò ń jáde nílé lóde òní kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó wò ó. A kì í pe ẹni tó nífẹ̀ẹ́ òkú mọ́ pé kó wá sọ fún wa ẹni tó wà níbẹ̀.