Òrùlé Màmá àti Yàrá Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Òórùn sílìn tí òjò ti rin gbingbin ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi nílé àwọn òbí mi ní Àgọ́-Ìwòyè, kí màmá mi tó dá mi lóhùn láti inú yàrá. Ó dà bí òórùn aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí láìtíì gbẹ. Páànù ilé ti dípẹtà, garawa sì ti di ara ẹrù yàrá. Tí òjò bá ṣú, màmá á wọ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò níbi tó ń jò, wọ́n á jókòó sétí rẹ̀ títí òjò á fi dá.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń ṣe tíṣà, ọ̀kadà ni mo sì ń gùn lọ wò wọ́n tí ilé ìwé bá parí. Kí n má parọ́ fún ọ, ó ti rẹ̀ mí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oúnjẹ, omi pípọn, gbogbo rẹ̀ ọrùn mi ni. Àbúrò mi ọkùnrin ní Ṣàgámù ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ tó wà nítòsí lẹrù ń wọ̀ lọ́rùn. Nígbà tí àwa méjèèjì wá kó owó díẹ̀ jọ, ó lè tún òrùlé ṣe, tàbí kó kọ́ yàrá méjì sẹ́yìnkùlé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, pẹ̀lú balùwẹ̀ àti kíṣínì. Kò lè ṣe méjèèjì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kọ́ yàrá,” àbúrò mi wí. “Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ilé kì í tán nílùú yìí. Owó ilé yẹn ló máa padà tún òrùlé ṣe, ẹ̀yin náà á sì sinmi.”

Ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbà.

Bíríkìlà dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti kan èèkàn, ó ti ta okùn, nígbà tí màmá fọwọ́ ti ògiri jáde sí wa. Àbúrò mi ṣàlàyé fún wọn dáadáa. Wọn ò bá wa jà. Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó máa yé ọ ni mo fẹ́ fi sọ ọ́:

“Ìgbà wo lẹ kun ilé yìí kẹ́yìn?”

Àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí bàbá kú ni. Lọ́dọ̀ tiwa, tí àgbà bá ti kú, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń tún ṣe kí àlejò ìsìnkú tó dé. A rẹ́ ògiri, a kùn ún, a sì pààrọ̀ páànù iwájú, èyí tí èèyàn lè rí láti títì.

“Bàbá yín ò rí ọ̀dà yẹn,” ni màmá wí. “Wọ́n wà ní mọ́ṣúárì nígbà tí ẹ̀ ń kùn ún. Mo mọ̀ pé ẹ ó ṣe é fún èmi náà, ẹ ò ní jẹ́ kójú tì yín lójú àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe tèmi nígbà tí mo ṣì ń sùn níbẹ̀.”

Bíríkìlà tẹjú mọ́lẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fọwọ́ kàn án lápá. Ó dùn mí, torí mo mọ ohun tí mo ń jù nù. Mo ní kí bíríkìlà bá wa ká okùn rẹ̀.

Páànù la rà. Àbúrò mi ò pè mí fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀sán ni, mo wà níbẹ̀. Màmá ò wọ́ bẹ́ẹ̀dì. Oorun gbé wọn lọ bí òjò ṣe ń lu páànù, èmi náà sì jókòó sí pálọ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè fọwọ́ mi ṣe.

Ó ṣì ń rẹ̀ mí. Èmi náà ni mo ṣì ń ra oògùn, kò sí ayálégbé kankan tó ń gbé díẹ̀ kúrò lọ́rùn mi, koríko ló sì wà lẹ́yìnkùlé. Bí màmá bá sì lọ lọ́jọ́ kan, mo mọ̀ pé a ó tún wá akunlé, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn. Àlejò la ó máa kùn ún fún lọ́jọ́ náà. Màmá ti gba tiwọn.