Ariwo Òfì Tó Gbé Bàbá Mi Dìde

Lánàá ni ìyàwó ọmọ ọmọ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, wọlé wá pa rédíò ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Orúnkún ló ń dùn mí. Ó ní, "Màmá, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló yẹ ẹ́." Mo ní kó tan án padà kíákíá. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ nírú ọ̀rọ̀ yẹn? Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ, kí n sọ ohun tí ojú mi rí n'Ísẹ́yìn nígbà ogun Jámánì àkọ́kọ́, nígbà tí mo ṣì ń ká òwú fún àwọn ahunṣọ ilé wa.

Ahunṣọ ni bàbá mi. Kò sẹ́ni tó ń hun sányán bíi tirẹ̀ ládùúgbò wa. Bó bá ti jókòó sídìí òfì, tọ́wọ́ ń sọ ọ̀kọ̀ tó gbé òwú sọ́tùn-ún sósì, tí ẹsẹ̀ ń tẹ igi méjì tó wà nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé á máa dún gbì-ṣà, gbì-ṣà, títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́dún náà, ó gun igi igbá láti ká èso tí wọ́n fi ń ṣe irú, ẹ̀ka já, ojúgun rẹ̀ ọ̀tún sì ṣẹ́. Bàbá kan tó ń to egungun wá láti Òtu, ó tò ó, ó fi igi há a, egungun sì jinná. Ẹsẹ̀ ni kò gbọ́ràn. Bàbá mi kọjú sí ògiri nínú yàrá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, oúnjẹ pàápàá di ìjà.

Nílé wa, aláìsàn ò gbọdọ̀ gbọ́ ariwo. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Ràímì, tó jẹ́ olórí ilé, ní kí wọ́n kó gbogbo òfì lọ jìnnà sẹ́yìn ilé. Ilé wá pa lọ́lọ́. Àwa ọmọdé ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Àkùkọ tó ń kọ láàárọ̀, wọ́n pa á. Mo jẹ nínú rẹ̀ o, n ò ní purọ́.

Ìyá mi fara dà á fún oṣù kan gbáko. Lọ́jọ́ tí Bàbá Ràímì lọ sóko, ó pe àwọn ahunṣọ. Ó ní, "Ẹ bá mi gbé e. A ò tíì sin ín, ẹ ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀!" Wọ́n gbé bàbá mi tòun tẹní lọ sídìí òfì. Wọ́n ń hun, wọ́n ń kọrin, ìyá mi ń kì í. Bàbá mi ò wo ẹnì kankan.

Bàbá Ràímì dé lọ́jọ́ kẹta. Inú bí i gan-an.

"Ta ló gbé aláìsàn sáàárín ariwo?"

"Èmi ni, Bàbá." Ìyá mi kúnlẹ̀ o, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò kúnlẹ̀.

"Ó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Bí ẹsẹ̀ yẹn ò bá mira, òfì ọkọ rẹ di ti Ràímì ọmọ mi, ìwọ náà á sì padà sílé bàbá rẹ."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n òfì ò ní dákẹ́ kó tó dọjọ́ náà."

Nígbà tó ku ọjọ́ kan, mo rí ìyá mi tó ń sọ nǹkan sétí Àlàbí, ahunṣọ tó kéré jù nínú wọn. Ni Àlàbí bá lọ jókòó sídìí òfì bàbá mi gan-an, lórí sányán tó fi sílẹ̀ láìparí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún ní ìhunkúhun. Gbì. Gbì-gbì. Ṣà. Gbì. Etí mi ń ro mí. Bàbá mi pòṣé. Ó tún pòṣé. Lójijì ló pariwo:

"Àlàbí, ṣé orí ẹ dàrú ni? Ẹsẹ̀ òsì lo tún tẹ̀! Sányán mi rèé!"

Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ń lu ẹní, ó ń fi bó ṣe yẹ kó tẹ̀ ẹ́ hàn án. Ìyá mi bú sẹ́kún. Nígbà tí Bàbá Ràímì wá wò ó, "Alihamudulilahi" nìkan ló rí sọ. Kí iṣu tuntun tó jáde, bàbá mi ti padà sídìí òfì, tòun ti ìtiro.

Òfì ò pọ̀ n'Ísẹ́yìn bíi tàtijọ́ mọ́. Oògùn òyìnbó dára, mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ohùn kì í ṣe oògùn, ojú mi ló ṣe.

Ìyá mi ló ṣáájú bàbá mi kú. Àwọn ará ilé ní kí òfì dákẹ́ fọ́jọ́ méje. Bàbá mi, tó ti darúgbó, tiro jáde lójú gbogbo wọn, ó jókòó sídìí òfì. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀. Obìnrin yìí ò fẹ́ ilé tó dákẹ́ rí." Ó hun títí ilẹ̀ fi ṣú, omijé ń bọ́ sórí aṣọ, kò sì ṣi ẹsẹ̀ kan tẹ̀.