Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gbà Mí Lọ́wọ́ Kóòṣì

Báńdéèjì kan ṣoṣo tí mo rà fún ọmọ-ọmọ mi ní Stretford lánàá, owó rẹ̀ ìbá bọ́ àwa mẹ́rin yó nígbà èwe wa: fish and chips fún kálukú, owó bọ́ọ̀sì á tún ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ tí mo kọ́ lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ mi lòun náà ń kọ́ báyìí, ìtọ́jú àwọn ọmọ iléèwé girama tó bá fara pa lórí pápá.

Àwa ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin la jọ ń gbé inú ilé tútù kan ní Manchester nígbà náà. Báńdéèjì dídì kì í ṣe ìṣòro mi. Ìdánwò orí pápá ló fẹ́ lé mi wálé. Olùkọ́ wa, bàbá onírun funfun, ṣe bíi kóòṣì, ó ní kí ẹni tó ń ṣe bí ọmọ tó forí gbálẹ̀ padà sínú eré. Ó yẹ kí n kọ̀, torí ẹni tó bá forí gbálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà seré lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ mi láti gbó àgbà lẹ́nu? "Yes, sir," ni mo wí. Mo gba òdo. Wọ́n ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, ilé yá nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú wa ní òun á kọ́ mi. Bí oúnjẹ alẹ́ bá ti wà lórí iná, á dé fìlà, á dojú kọ mí.

"Ìwọ! Jẹ́ kí ọmọ yẹn wọlé!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n..."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n ẹ? Kóòṣì ni mí! Ẹ wò ó, ó ti ń gbọ̀n!"

Ẹnì kejì, tó dùbúlẹ̀ bí aláìsàn tó forí gbálẹ̀, ń kérora, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Ẹ tètè parí ẹ̀ o, ilẹ̀ tutù."

Ẹni tó ń dáná ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ṣé kò lè kọ́kọ́ kí wọn ni? Ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀, kí ni wọ́n tún máa bá a jà sí?"

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, olùkọ́ jágbe mọ́ mi bíi kóòṣì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko.

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọ yìí ò ní wọlé."

Ó tún jágbe. N ò dìde. "Kò ní wọlé, sà."

Ẹ̀rín já fèrè bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo yege.

Olùkọ́ wa ti lọ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n náà ti lọ, tòun ti fìlà rẹ̀. Aláìsàn ẹlẹ́pà ti sùn ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó ń dáná ṣì wà ní Wigan, ó ṣì ń dá sí ọ̀rọ̀ tí ò kàn án. Èmi náà wà, àmọ́ orúnkún ò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ mọ́.